Ẹrù Tí Mo Bá Wọn Gbé Gòkè

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò kùn mí, ilẹ̀ sì ti mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò sì lè purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ara mi.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú nígbà yẹn, Bàrígà sì ni èmi àti bàbá mi ń gbé. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni. Láyé wọn, tó o bá ń sáré lójú títì ní ìdájí, wọ́n á dá ẹ dúró, wọ́n á ní kí lo jí. Ìgbà tí wọ́n lọ tán la tó dá ẹgbẹ́ asáré sílẹ̀. A ó gbéra ní Bàrígà, a ó gba Onípanu, a ó já sí Fádèyí, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá pé ta ló ń lé wa. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi máa ń dùn bíi pé èmi gan-an ni wọ́n dìbò fún.

Àfi ìgbà tí ọ̀kadà kan gbá mi ní Onípanu. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kán. Bàbá mi ló pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, èmi àgbàlagbà. Wọ́n tò ó, ó sì jinná dáadáa, ṣùgbọ́n ojo ti wọ inú ẹsẹ̀ náà. Tí mo bá ti fẹ́ sáré, yóò máa gbọ̀n.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Kóòṣì wa, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé a máa lọ sáré ní abúlé wọn. Orí òkè ni abúlé náà wà, láàárín igbó tí ìjọba dá sí, tí ọdẹ kankan ò gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ mi ò ní dá, ẹ má bínú. A máa bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, a máa gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó gòkè, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ojúde abúlé ló gba ife.

Mo ní mo máa lọ. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ mi títí.

"Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi gbé ẹ dé Igbóbì," ni wọ́n wí. "Tí wọ́n bá tún fi lè gbé ẹ wọlé wá, mo máa fi bàtà tó o fi ń sáré yẹn dáná. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn wọlé, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láé."

"Mo gbọ́, sà."

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwa atẹ̀wé. Wọ́n ní ká wá ohun tá a máa fi ṣàmì sí ọ̀nà. Tí a bá ti gé etí ìwé tán ní ṣọ́ọ̀bù, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́kù jọ síbẹ̀. Mo di àpò kan, pupa àti yẹ́lò. Ọ̀sán tó ṣáájú ìdíje ni Kóòṣì àtàwọn ọkùnrin méjì lọ so wọ́n mọ́ ẹ̀ka igi. Bébà la fi ń jẹun, ojú bébà nìkan la fi ń wo ayé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé òjò lè rọ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú.

Ní aago méje àárọ̀ tí wọ́n fun fèrè, kùrukùru bolẹ̀ débi pé mi ò rí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹni ìkẹyìn. Nígbà tí mo dé oríta, ọ̀nà pín sí méjì, bébà wa sì ti rà mọ́ koríko bí ẹ̀kọ tó dànù. Mo pe Kóòṣì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo jókòó sórí òkúta, mo sì rí bàtà mi nínú iná kedere.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin àgbàlagbà kan fi kọjá níwájú mi. Ó ró ìró mọ́ àyà, kò wọ bàtà. Òṣùká ewé tútù wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ru nǹkan kan.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, mà."

Kò wẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ṣé wàá bá mi gbé e dókè?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Bàrígà ni pé àgbà kì í bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó o tó bá a gbẹ́rù. Mi ò bi í pé ẹrù wo. Mi ò bi í pé ilé ta.

"Màá bá yín gbé e, mà."

Kí n tó pa ẹnu dé, nǹkan gúnlẹ̀ sórí mi. Ó wúwo bíi gárawá tó kún fọ́fọ́, ọrùn mi sì wọlé sínú èjìká. Mo gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan.

"Má wòkè," ó tún sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo sì tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo máa sọ báyìí, ẹ lè má gbà á, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n mọ́. Láti kékeré la ti ń pọnmi ládùúgbò wa, ẹni tó bá gbé omi rù tó ń gbọ̀n, yóò da á sára ni. Ẹsẹ̀ mi rántí èyí. Ó dúró ṣinṣin lábẹ́ ẹrù náà, ó ń tẹlẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀kadà tó gbá mi.

Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà, òṣùká ewé kan á wà lórí ẹ̀ka, tí omi ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó wà nínú mi ju ẹ̀rù lọ. Mo ń sáré! A gun àpáta, a kọjá odò kékeré kan, kùrukùru sì là. Mo bojú wolẹ̀, mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ń yí lójú kan náà. Nígbà tí mo fi wo iwájú padà, obìnrin náà ti lọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ojúde. Àwọn ará abúlé hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Kóòṣì nìkan ni kò hó. Àgbà obìnrin náà ti orí àpótí dìde, ó wá síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè orí mi, ó sì sọ̀ mí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ẹni tó ru igi gan-an ló ṣe é, ó rọra gbé nǹkan tí kò sẹ́ni tó rí sílẹ̀. Ọrùn mi ta sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ta ló gbé e rù ẹ́?" ó bi mí létí.

Mo sọ fún un.

"Òṣùká wà lórí òun náà?"

"Ó wà, mà."

"Ẹrù ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

Ó mi orí. "Ó pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa bá a gbé e délé." Ó ní òun kàn sọ̀ mí ni o, abúlé àwọn kọ́ nilé ẹrù náà.

Lọ́sàn-án, èmi àti Kóòṣì padà lọ wo ọ̀nà náà. Igbó dídí la bá, tí ewúrẹ́ ò lè gbà kọjá. Kóòṣì ní òun ò so bébà kankan sápá ibẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo dé Bàrígà, ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ni mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo sáré wọlé, pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Bàbá mi dìde níwájú ilé, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi, wọ́n mú àdéhùn wọn ṣẹ. Wọ́n gba bàtà mi, wọ́n bu omi, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ pupa ara rẹ̀, wọ́n sì sá a sórí fẹ́ǹsì. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ewé tútù kan láàárín irun mi.

"Kí lo rù wá?" ni wọ́n bi mí.

Ife mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ wa lónìí. Tí a bá ń sáré kọjá ní Igbóbì ní ìdájí, tí ojo bá fẹ́ wọ ẹsẹ̀ mi padà, nǹkan náà á tún gúnlẹ̀ sórí mi, ọrùn mi á wọlé, ẹsẹ̀ mi á sì le. Kò sẹ́ni tó ń lé mi bá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò bínú sí ìyá náà o, mo ń dúpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gòkè lọ, tí ẹni tí kò rẹrù bá ní kí ẹ bá òun gbẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo nilé. Èmi ò bi í, mi ò sì mọ ibi tí mo ń gbé e lọ.