Sikirínì Tí Màmá Mi Kà Fún Mi

Ará ilé mi tàn mí jẹ. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n sì fi tàn mí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, kálẹ́ńdà àti ìwé ìpè là ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé yàrá mi ní Ladi-Lak, bọ́ọ̀dù kéékèèké tí èèyàn ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ níṣẹ́ ni mo fi ń ṣeré. Mo ti ṣe èyí tó ń han gooro tí omi bá kún táǹkì. Màmá mi ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni.

Màmá mi ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ nílé wa létí òkun, ní Ìlàjẹ. Ìyá àgbà yìí bá wa gbé ní Bàrígà títí ojú wọn fi fọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ sinmi nílé, pé ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Èmi náà ni mo kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Wọn ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ nílé kí wọ́n tó kú. Mo gbà lọ́kàn mi pé mo tọ́jú wọn.

Nígbà tó yá, ẹja màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ààrò méjì di èédú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní iná ló ń ya wèrè, mo bá ṣe ẹ̀rọ kan sí i: wáyà kan wọnú ààrò láti mọ bó ṣe gbóná tó, bọ́ọ̀dù á kà á, sikirínì á gbé nọ́ńbà jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà mi ni mo fi ń wò ó, èmi ni mò ń pè é sókè. Màmá mi na àtẹ́lẹwọ́ sókè èéfín. “Ọgọ́ta rèé, màmá. Àádọ́rin rèé. Ọgọ́rin, ibí yìí ló dáa jù! Tó bá fi di ọgọ́rùn-ún, ó ti jó nìyẹn.” Wọ́n ń mi orí bí ọmọ iléèwé.

Ó wá ku sikirínì. Ọkùnrin tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ l’Ákọkà kó mẹ́ta síwájú mi: ọ̀kan ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, lẹ́tà funfun lórí dúdú, ìkejì ní ẹ̀yìn àwọ̀ ewé, ìkẹta jẹ́ nọ́ńbà pupa gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ó ní, “Ojú àgbà ni, ẹ̀gbọ́n, èéfín sì wà níbẹ̀. Ẹ mú pupa.” Mo ní kó jẹ́ kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fi dán màmá mi wò.

Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mi á kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè èéfín, wọ́n á wá tẹrí ba. Wọ́n wo pupa, wọ́n ní, “Àádọ́rin lé díẹ̀.” Òótọ́ ni. Wọ́n wo ìkejì, wọ́n ní, “Ó ń lọ sí ọgọ́rin.” Òótọ́ ni. Wọ́n wo èyí tó kéré jù, “Ọgọ́rin ti pé.” Mo fò sókè! Wọn kì í ka nọ́ńbà tó kẹ́yìn, mo ní àìnísùúrù ni.

“Èwo lẹ fẹ́, màmá?”

“Èyí tó bá wù ẹ́ ni, ọma mi.”

Kékeré ló sì wù mí, torí ó rẹwà. Mo dá méjì tó kù padà, mo fi ọlọ́jà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá mi ríran jù ú lọ. Níbi iṣẹ́, mo yangàn títí ó fi sú wọn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, fóònù mi kú. Mo yọ páwà báǹkì lára ẹ̀rọ mi, mo fi sí fóònù. Sikirínì ṣú dùdù. Màmá mi jáde, wọ́n na ọwọ́ sókè èéfín, wọ́n tẹrí ba. “Ọgọ́rin ti kọjá díẹ̀. A dúpẹ́.”

Mo yíjú sí wọn. “Níbo lẹ ti rí i?”

“Níbí náà.” Ara pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Háà! Mo kọjú sí àbúrò mi obìnrin tó ń to ẹja. Orí ilẹ̀ ló ń wò. “Ìwọ náà mọ̀?”

“Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ó ti tó ọdún kan tí wọn ò ríran mọ́.”

Òun mọ̀. Ará ilé mọ̀. Kódà ìyá onígi ìdáná mọ̀! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo pariwo, mo ní òmùgọ̀ ni gbogbo wọn fi mí ṣe, mo ní àbúrò mi gan-an ni mo ní kó kín mi lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Màmá mi dúró títí ó fi rẹ̀ mí.

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ta ló kó ẹrù ìyá mi sínú ọkọ̀?”

Mo ní èmi ni.

“Àìsàn kankan ò ṣe wọ́n,” ni màmá mi wí. “Ìjókòó lásán ló pa wọ́n. Yí ẹja apá òsì yẹn, ó ti fẹ́ jó.” Mo wò ó. Ó ti fẹ́ jó lóòótọ́, èmi olójú méjì ò rí i. Mo yí i.

Mo ní ká lọ rí dókítà ojú, ó lè jẹ́ irú ojú tí iṣẹ́ abẹ lè là. Màmá mi ní àwọn á lọ, tí mo bá lè búra pé ohunkóhun tí dókítà bá sọ, mi ò ní fọwọ́ kan ẹrù àwọn. Mo búra. Wọ́n ní kí n fi orúkọ ìyá àgbà tún búra. Wọ́n ní kí àbúrò mi dúró gbọ́ ọ. Inú bí mi. Èmi tí wọ́n tàn jẹ, èmi náà ni wọ́n ní kí n búra, mo sì búra.