Ẹni Tí Yóò Sùn Nídìí Ilẹ̀kùn

Ọmọbìnrin wa ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, lọ́jọ́ Sátidé kan tí a ń jẹun ọ̀sán. Ó ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Ọsirélíà. Ìyẹn a ti mọ̀, a sì ti sunkún rẹ̀ tán. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé kí ó tó lọ ní oṣù Kẹsàn-án, ó fẹ́ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta háyà kámpáfáànù, ìyẹn ọkọ̀ tí ibùsùn, sítóófù àti ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ yípo apá ìwọ̀-oòrùn Ireland, kí a máa sùn sí àwọn ibùdó tó wà létí òkun àti lẹ́bàá òkè.

"Just the three of us," ló wí. "Before I go."

Ìyàwó mi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn nínú ẹ̀?"

"Yeah. It's lovely, Mummy. There's a little press for your cups and everything."

"Mo ti sùn nínú ẹ̀ rí," ni ìyàwó mi wí. "Ọdún mẹ́rin. Ẹ kú ìrìn o."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ padà, ó sì jẹun lọ.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí láti tọrọ ibi ìsádi, inú bọ́ọ̀sì kan ni wọ́n kó wa sí láti Dublin, wọ́n sì gbé wa lọ sí ìlú kan ní àárín Ireland. Pápá ni wọ́n já wa sí, ilé onítáyà ló sì kún inú pápá náà, tò lọ tò bọ̀. Àwọn ilé náà ní táyà ṣùgbọ́n wọn ò lọ síbì kankan. Àwa náà ò lọ síbì kankan. Òfin ò gbà wá láàyè láti ṣiṣẹ́, aago ni a fi ń jẹun, lẹ́tà ìjọba tó máa sọ pé a lè dúró ni a sì ń retí. Ìyàwó mi lóyún nígbà tí a débẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ibẹ̀ ló sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí lẹ́tà náà tó dé.

Lẹ́yìn náà ni a kó wá sí Swords, lẹ́bàá Dublin. Mo ríṣẹ́ sí pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí mo ti ń kó ẹrù àwọn tó ń lọ síbi kan. Ìyàwó mi ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kó dé Swords, ìyàwó mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìjẹ́rìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Finglas, ní Dublin, láàárín àwọn ilé iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Mi ò fi ìyẹn ṣe àpèjúwe ohunkóhun. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ìyàwó mi ní, "Ọlọ́run ló yọ mí nínú ilé onítáyà. Mi ò tún ní sùn nínú ohunkóhun tó bá ní táyà mọ́ láyé mi." Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Èmi náà ṣe Àmín, mi ò sì ronú jìnnà.

Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ yẹn bá ti pé ọdún, ó máa ń dìde jẹ́rìí náà, kò sì sí gbólóhùn kan tó ń yí padà níbẹ̀. Ó mú un ní ọ̀kúnkúndùn débi pé tí a bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cork, kì í tòògbé. Á jókòó gbagidi, á la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ títí a ó fi sọ̀kalẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀sì ní táyà.

Nítorí náà, nígbà tó ní òun ò lọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń ṣàkọ́. Èèyàn lè yẹ àdéhùn tó bá ara rẹ̀ ṣe. Àmín tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ogún ọdún ṣe ńkọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ló ń lọ sí òpin ayé, ó sì ní òun fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá òun. Tí ìyá rẹ̀ ò bá lọ, ọ̀sẹ̀ náà ò wúlò, ọmọ náà ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Mo mọ àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn-àjò náà bí ẹni pé gbogbo wa ló ń lọ.

Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa àwọn ibùdó náà. Ọ̀kan wà ní Connemara tí gbogbo ayé ń yìn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ibẹ̀ jìnnà sí gbogbo nǹkan, pé kò sí ariwo, pé kò sí ṣọ́ọ̀bù nítòsí, pé àgùntàn nìkan lèèyàn ń rí látàárọ̀ dalẹ́. Ó fún ibẹ̀ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Èmi fúnra mi ti kọ irú lẹ́tà yẹn rí, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́, títí kan ti àgùntàn. Ìjọba ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó wa kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó mi kì í wá sídìí tábìlì náà. Ilé ìdáná ló máa ń wà, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á sì máa gbà wá nímọ̀ràn.

"Mi ò lọ o," á wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá gáàsì méjì ni. Ọ̀kan máa ń tán ní ìdájí."

Lọ́jọ́ kejì: "Kò kàn mí o, Dádì. Ẹ má páàkì sí ìsàlẹ̀ pápá. Ibẹ̀ lomi ń dá sí."

Lọ́jọ́ kẹta: "Ẹ ki bébà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí bébà bá kọjá, atẹ́gùn máa kọjá."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, nínú gbogbo ètò náà, ìmọ̀ràn ẹni tí kò lọ ló pọ̀ jù. Ó ti tún lẹ àkọsílẹ̀ kan mọ́ ara fíríìjì, àwọn ohun tí "ẹ̀yin méjèèjì" máa nílò: okùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, ata gígún, ìbọ̀sẹ̀ onírun.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ náà lọ wo ọkọ̀ kan ní Finglas. Ọkùnrin ilẹ̀ Ireland kan tó ti ń dàgbà ló ni ín, ó sì yá mọ́ èèyàn. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa, ó ń yin ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "She's a grand yoke, she'll never let ye down." Ó wá fẹ́ fi bí tábìlì ṣe ń di ibùsùn hàn wá. Ó fà á, kò lọ. Ó tún fà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sún díẹ̀. Mo fi orúnkún gbé etí tábìlì náà sókè, mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sápá òsì, mo tì í, ó sì sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọwọ́ mi ò gbàgbé.

"You had one of these before?"

"Four years," ni mo dá a lóhùn.

"Four years? Ah, fair play. Ye must've loved it."

Mo ní ó grand, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń wí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo ki bébà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, kò kọjá. Rọ́bà dúdú kan ló dí i yípo. Bí mo ṣe ń ká bébà náà sápò ni òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń lu orí ọkọ̀ náà pàpàpà. Ọmọ náà ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, bàtà lẹ́sẹ̀, ó dijú.

"That's it, Daddy," ló wí. "That's the sound. I loved that place."

"Ibo?"

"Where we lived. When I was small. All of us in the one room and the rain going. It was always so warm."

Ibẹ̀ ni mo ti bínú jù láyé mi, ibẹ̀ ni mo ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé bóyá mo ti ba ayé ìyàwó mi jẹ́ tí mo mú un wá síbí, ọmọ mi sì dùbúlẹ̀ níwájú mi, àárò ibẹ̀ ń sọ ọ́. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó má ba ibùsùn onílé jẹ́.

Nígbà tí a délé, mo bá ìyàwó mi nídìí omi, ó ń fọ ìrẹsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó ní báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

"Ó ní ó máa ń móoru."

Ó ń fọ ìrẹsì náà lọ. Ìrẹsì ọ̀hún ti mọ́ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá Pásítọ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Pásítọ̀, ohun tí mo ti ń sọ níwájú ìjọ láti ogún ọdún wá, ṣé ó ṣeé yí padà?"

Pásítọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í pé, "Mọ́mì, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn lọ́wọ́ nígbà yẹn?"

"Àwọn mánéjà ni."

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ háyà ńkọ́?"

"Ọwọ́ Dádì ló máa wà."

"Tó bá sú yín lọ́nà, ṣẹ́ ẹ lè padà sílé?"

"A lè padà, sà."

"Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà nìyẹn. Ẹ máa lọ, Mọ́mì. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ́rìí tuntun. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, choir ti mọ̀ ọ́n sórí."

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sí Swords, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé Pásítọ̀ fẹ́ràn àwàdà jù. Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ délé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni ọmọ wa wá jókòó tì mí nídìí máàpù. Ó ti ya inú ọkọ̀ náà sórí bébà: ibùsùn ńlá lẹ́yìn, ibùsùn tóóró tí tábìlì ń dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kọ "Daddy" sórí èyí tó wà lẹ́yìn, ó sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó kọ "me" sórí ti ìdí ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́. Ó fa àga, ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ibo lẹ fi èmi sí?" ló bèèrè.

Inú mi dùn débi pé mi ò lè wò ó lójú. Ọmọ náà fi ìka kan àyè tó ṣófo. "Here, Mummy. With Daddy. It's the good bed."

"Rárá. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo máa sùn."

"But that's the small one."

"Ìdí ilẹ̀kùn."

"The door's grand, Mummy. Daddy did the paper thing."

"Mo mọ̀." Ó yí bébà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ìdí ilẹ̀kùn ni mo máa ń sùn nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn yẹn ò pa dé nísàlẹ̀. Mo máa ń ká aṣọ dí i, atẹ́gùn á tì í wọlé. Ni mo bá ń tẹ́ nǹkan sílẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn tì í. Ìwọ wà lápá ibí, Dádì ẹ wà lẹ́yìn ẹ."

Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí bó ṣe ń sọ ti gáàsì. Òtútù ọdún mẹ́rin ló ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n, mo wà níbẹ̀. Mo ti ní kí n bọ́ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń sọ pé mo ń yí jù lójú oorun, atẹ́gùn á rọ́nà gbà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nínú ìjẹ́rìí rẹ̀ rí, lọ́dún kankan.

"It was never cold," ni ọmọ náà wá sọ.

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò tutù."

Ọmọ wa yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí a bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń jẹ́. Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn, ó ti sú wa. Ó fa bébà náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó mú bírò, ó fa ìlà méjì sábẹ́ "me", ó sì kọ "Mummy" sínú àyè tó ṣófo.

"Èmi ni mo máa sùn níbẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin, ẹ lọ sí ẹ̀yìn, Mọ́mì."

Ìyàwó mi, tí mi ò tíì borí rẹ̀ nínú àríyànjiyàn kan láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ò bá a jiyàn. Ó wo bébà náà, ó wo ọmọ náà. Ó dìde, ó lọ sídìí fíríìjì, ó pa "ẹ̀yin méjèèjì" rẹ́ lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ nǹkan kan kún ìsàlẹ̀. Mo lọ kà á nígbà tó jáde: kúbùsù méjì tó nípọn, fún ẹni ìdí ilẹ̀kùn.

Oṣù Kẹjọ ni a ń lọ. Mo ti kó kúbùsù náà sínú àpò.