Aṣọ Elésè Àlùkò Lórí Okùn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Fadá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni wọ́n. Nígbà tí agbára ṣì wà lára wọn, àwọn ọ̀gá wọn rán wọn lọ ṣiṣẹ́ ìjọ ní orílẹ̀-èdè kan létí òkun, níbi tí ọ̀gá ṣọ́jà kan ti fipá gba ìjọba, tí ogun sì ń jà. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Fadá ni wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà ogun yẹn, ẹni tí wọn ò bá mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ ìkánjú. Lẹ́yìn ogun, Fadá wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì sin ìjọ kan ní àgbègbè wa níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni kíndìnrín wọn náà fẹ̀yìn tì. Àwàdà tiwọn nìyẹn o, kì í ṣe tèmi. Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Oxon Hill, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sẹ́yìn ilé. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé wọn gba òpópónà Bẹ́líwéè lọ sí Largo, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀.

Inú mọ́tò ni Fadá ti máa ń sọ̀rọ̀. Nínú ilé, béèrè ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, "ó dáa, a dúpẹ́" nìkan lo máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́tò, tí a sì ti bọ́ sójú ọ̀nà Indian Head, ẹnu wọn á là. Wọ́n ní nígbà ogun, inú mọ́tò míṣọ̀n nìkan ni èèyàn ti lè sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má gbọ́. Àṣà náà kò fi wọ́n sílẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ nípa okùn.

Ilé míṣọ̀n wọn wà létí ọ̀sà. Lódìkejì omi, igbó irà ni, inú igbó náà sì ni àwọn tí ìjọba ń wá sá pamọ́ sí: tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́, ìyàwó àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Fadá àti àwọn àlùfáà bíi tiwọn ló ń fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn àlùfáà yìí náà ló ń ṣe amí. Fadá kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́. Amí ni wọ́n máa ń pè é. Awakọ̀ ṣọ́jà tó bá wá sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú á dúró kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, á sì sọ wẹ́rẹ́ ibi tí ọkọ̀ ológun ń lọ lọ́sẹ̀ náà. Rédíò tí ilé ìwòsàn míṣọ̀n fi ń béèrè oògùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sókè òkun nípa àwọn tí ìjọba tì mọ́lé.

Sísítà kan wà tó ń fọ aṣọ pẹpẹ. Òun ló ronú kan okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, nítorí pé ẹni tó wà lódìkejì omi lè rí i kedere. Bí aṣọ funfun bá wà lórí okùn, ọ̀nà mọ́, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá gba oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ elésè àlùkò, ṣọ́jà wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ta ni yóò fura sí aṣọ fífọ̀?

Ẹni tó mọ aṣọ náà ló fura. Lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tí àlùfáà ń wọ̀. Àwọ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni elésè àlùkò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, aláwọ̀ ewé ni. Sísítà àti Fadá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ojú àwọn ará inú irà ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n yan àwọ̀; wọn ò wo ojú ọmọ ìjọ. Lọ́jọ́ kan, láàárín ìgbà aláwọ̀ ewé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá díẹ̀ láàárín ṣọ́jà wọ inú ọgbà míṣọ̀n. Ó ti sin pẹpẹ rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wo okùn. Ó wo Fadá.

Ó ní, "Fadá, ṣé Lẹ́ǹtì ti dé ni?"

Fadá ní rárá, òkú ló pọ̀ nílùú, Mísà òkú làwọn ń ṣe. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kí wọn, ó lọ. Kò pẹ́ sí i, àwọn ṣọ́jà wá mú Sísítà nídìí ọpọ́n aṣọ, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Fadá kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó béèrè Lẹ́ǹtì yẹn ló tú àṣírí, tàbí ẹlòmíràn ni.

Sísítà náà ní àbúrò obìnrin kan, Springdale, nítòsí Largo, ló ń gbé báyìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe Fadá. Yóò béèrè àlàáfíà, yóò béèrè oúnjẹ tí wọ́n jẹ, lẹ́yìn náà yóò béèrè ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

"Fadá, ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkankan?"

"N kò tíì gbọ́ nǹkankan, ọmọ mi."

Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ibi tí wọ́n sin ín sí ló fẹ́ mọ̀, kó lè mọ ibi tí òun yóò kọjú sí bí òun bá ń gbàdúrà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ìbéèrè náà ti jẹ́ ọ̀kan, tí ìdáhùn sì jẹ́ ọ̀kan, òtítọ́ sì ni ìdáhùn náà ní gbogbo ìgbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù. Mo lọ mú Fadá ní Largo, wọ́n wọ mọ́tò, a sì bọ́ sójú Bẹ́líwéè. Wọ́n wá ní, "Ó wà lórí àga tó tẹ̀lé tèmi."

"Ta ni, Fadá?"

"Lẹ́ǹtì."

Abẹ́rẹ́ ti wọ apá wọn kí ọkùnrin náà tó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ yẹn kò lè dìde; àfi kó jókòó títí ẹ̀jẹ̀ á fi yí tán. Fadá kọjú sí ògiri. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kúrò nítòsí, wọ́n gbọ́ ohùn kan létí wọn, ní Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọ̀hún: "Fadá, ṣé Lẹ́ǹtì ti dé? Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Nígbà tó tún di ọjọ́ ẹ̀rọ, Fadá kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ara àwọn le. Mo pe nọ́ọ̀sì tó máa ń tọ́jú wọn, ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, mo ní kó bá wa wá àga mìíràn, àkókò mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí àga o," ló wí. "Àfi tẹ́nì kan bá kú, mi ò sì lè máa gbàdúrà bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ gbé fóònù fún Fadá." Mo gbé fóònù sí wọn létí. "Fadá, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé abẹ́rẹ́ mi lẹ̀ ń sá fún?"

"Abẹ́rẹ́ rẹ? Ìwọ tó jẹ́ pé bí ẹni ń wá omi nínú àpáta lo ṣe ń wá iṣan mi."

"Ẹ máa bú mi, kò burú. Ẹ ṣáà wá bú mi lójú mi."

Wọn ò lọ. Wọn ò lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e náà. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà kò gbà wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí kò ṣeé mí. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn, lórí àga tó kọjú sí fèrèsé. Mo gbé wọn wọ inú mọ́tò níwájú ilé, mo ti ilẹ̀kùn, n kò ṣíná rẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa dá mi lóhùn.

"Fadá, ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn." Wọ́n mí díẹ̀. "Ìwọ ò mọ nǹkan tó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bá gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́, ti Ọlọ́run ni. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́, n kò lè fi ojú sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin yẹn á pè. Bí mo bá ní n kò gbọ́, irọ́ ni. Bí mo bá ní mo gbọ́, mo ti tú ìjẹ́wọ́. Bí mo bá dákẹ́, ó gbọ́n, á mọ ohun tí mo dákẹ́ lé lórí."

"Ẹ ní kó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kó má jẹ́ ìjẹ́wọ́."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò lágbára àti sọ ọ́ lásán."

"Ẹ ní kó lọ bá fadá mìíràn."

"Wọn ò fi mí jẹ àlùfáà kí n máa ṣa ẹni tí n ó gbọ́."

Ojú fèrèsé mọ́tò ti di kùrùkùrù pẹ̀lú èémí wa. Àìlọ ń pa wọ́n, lílọ yóò sì di wọ́n lẹ́nu títí ayé. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu kì í ṣe ọgbọ́n, ìbínú ni.

"Bí ẹ bá wá kú sínú yàrá ìsàlẹ̀ mi torí ọ̀rọ̀ yìí, ta ni obìnrin yẹn máa pè lọ́jọ́ Àìkú?"

Fadá fi ọwọ́ nu ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Lọ bá mi mú aṣọ ọrùn mi wá. Èyí tí mo fi ń gbọ́ ìjẹ́wọ́."

Elésè àlùkò ni èyí náà. N kò ronú kàn án rí.

Nígbà tí a dé Largo, nọ́ọ̀sì wa rí ẹsẹ̀ Fadá, kò sì ṣe àwàdà kankan. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́, ó rí wọn bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé aṣọ náà kọ́rùn, ó bá wọn tún un ṣe, ó sì fi aṣọ ìbòjú dá àga méjèèjì sọ́tọ̀. Mo bọ́ síta. Láti ojú gíláàsì, n kò rí ju etí aṣọ elésè àlùkò náà àti rọ́bà pupa tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ gbà bọ̀ lára àwọn méjèèjì lọ. Kò sí èyí tó lè dìde fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo rí ọwọ́ Fadá tí kò ní abẹ́rẹ́, tó gòkè, tó ya àmì àgbélébùú.

Lọ́nà ilé, nínú mọ́tò tí wọ́n ti máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, Fadá na ọwọ́ tan rédíò.

Ọwọ́ ara wọn ni Fadá fi fọ aṣọ ọrùn náà nínú bàsíà. Wọ́n so okùn mọ́ ọ̀pá igi ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì sá a síbẹ̀ nínú òtútù. Àdúgbò wa kò fẹ́ kí èèyàn sá aṣọ síta rárá, mo sì mọ̀ pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Mo lọ dúró tì wọ́n.

"Fadá, elésè àlùkò lórí okùn. Ṣé ṣọ́jà wà nítòsí ni?"

"Ó tutù ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.

Lọ́jọ́ ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà ń dúró de ọkọ̀ tó ń gbé àwọn aláìlera. Ó fi ọ̀pá pè mí. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le bí ohùn ẹni tó ti pàṣẹ rí.

"Àwọn ará ìlú wa ní obìnrin kan wà ní Springdale, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ Sísítà. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Bí mo bá lọ síbẹ̀, ṣé ó máa ṣí ilẹ̀kùn?"

"N kò mọ̀ o, sà. Èmi ò sì ní júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, n ó fún un. Bí ó bá fẹ́, á pè yín."

Ó kà á fún mi díẹ̀díẹ̀, ó ní kí n tún un kà fún òun. Nígbà tí mo wọ mọ́tò, Fadá ti jókòó. Mo ní, "Fadá, ọkùnrin yẹn—"

"Wa mọ́tò."

"Mo kàn fẹ́ sọ pé—"

"N kò gbọ́. Wa mọ́tò, ọmọ mi." Wọ́n ti gbé ọwọ́ méjèèjì bo etí bí ọmọ kékeré, èyí tí abẹ́rẹ́ ti gún àti èyí tí kò gún.

Mo pe obìnrin náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sọ fún un pé ọkùnrin ìlú wọn kan ń béèrè rẹ̀, pé ṣọ́jà ni nígbà ogun, pé kò pọn dandan kó pè é. Mo gbọ́ bí ó ti ń wá bírò. Ó ní, "Ka nọ́ńbà náà fún mi."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Fadá jókòó sórí àga wọn, fóònù wà lórí itan wọn, ojú rẹ̀ sì kọ òkè. Èmi náà jókòó. Àkókò tí obìnrin náà máa ń pè kọjá. Mo mọ ìdí rẹ̀ tí kò fi pè, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n: ó ti pe ọkùnrin náà; n kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Fadá mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju tèmi lọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bi mí. A jókòó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan náà.

Aṣọ náà ṣì wà lórí okùn lẹ́yìn fèrèsé. Ó ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

"Lọ ká a wọlé," ni wọ́n wá wí, "kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo jáde, mo tú u lórí okùn, mo ká a. Òtútù ti mú un le bí páálí. Nígbà tí mo padà wọlé, ọwọ́ Fadá ṣì wà lórí fóònù náà, wọn ò sì gbé ojú sókè.