Fẹ̀yìntọlá Gba Ìwé Ẹ̀rí Kí Lẹ́tà Tó Dé

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ìsinyìí ti sú ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo, Yorùbá inú ẹ̀ ò jinná, Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ ò tíì hó, wọ́n á sì bù ú fúnni bẹ́ẹ̀ pé ká máa jẹ. Fẹ̀yìntọlá ò sọ̀rọ̀ báyẹn. Tó bá ń sọ Yorùbá, Yorùbá ni. Tó bá dé kíláàsì ẹ̀ n'Íyànà Ọ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì ni, àní bí eṣinṣin bá kó sí i lẹ́nu.

Ó ti ṣe tíṣà fún ogún ọdún nígbà tí Olúyínká ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ lẹ́tà sí i láti Nàmíbíà. Ìlú yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ni, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn á máa sọ, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ ò sì gbọ́ ọ. Iléèwé tí Olúyínká wà ń wá tíṣà. Àmọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, wọn ò gbà á mọ́, Fẹ̀yìntọlá sì ti di mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n tún fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé ẹni náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀sì ẹ̀ n'Íbàdàn.

Hezekiah ọkọ ẹ̀ ní kó ní sùúrù, kí wọ́n pè é ná, kó tó lọ máa da ara ẹ̀ láàmú.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn," ló wí, "ṣé ìgbà tójò bá ń rọ̀ lé wa lórí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá koríko tí mo máa fi bo ilé?"

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá.

Oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo Sátidé, Fẹ̀yìntọlá lọ, ó bọ̀. Ó wá ku ìdánwò. Olùdánwò á wá wò ó bó ṣe ń kọ́ àwọn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá kankan sí wọn. Ibo ló ti máa rí wọn? Ẹbu gàrí ló kọrí sí. Ìyá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Àmọ̀pé lolórí wọn. Ó fi ìwé, ife àti ìgbálẹ̀ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kó kàn lè dán an wò. Kò mọ̀ pé tóun bá kúrò níbẹ̀, Àmọ̀pé á kó wọn jọ, á ní ẹni tó bá dójú ti ọmọ yìí, òun pẹ̀lú ẹ̀ ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń yan gàrí, tí wọ́n ń kà á bí àdúrà: búùkù, kọ́ọ̀pù, búrúùmù.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé olùdánwò dé, ó jókòó, ó yọ báírò. Fẹ̀yìntọlá ṣèèṣì gbé ife ṣáájú.

"Búùkù," ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hó o.

Ó mirí. Ó gbé ìgbálẹ̀. Wọ́n ní kọ́ọ̀pù.

Àánú ẹ̀ ṣe Àmọ̀pé. "Tíṣà," ló rọra wí, "búùkù ló ṣáájú. Ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀ ná."

Ajíbádé dé báírò ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ wọn lóhun tí wọn ò mọ̀ rí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Ẹ̀ẹ̀míì kẹ̀, nígbà tó ti máa pé márùndínláàádọ́ta!

Fẹ̀yìntọlá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá rí agbada gàrí lórí iná. Ó na ọwọ́ sún mọ́ ọn, ó fà á padà wéré. "Họ́ọ̀tì," ló wí.

Àmọ̀pé náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé agbada. Ẹni tó ti ń yan gàrí láti ogójì ọdún, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti yi ju bàtà lọ. "Kò kúkú gbóná," ló wí. Àwọn yòókù fọwọ́ kàn án, wọ́n ní lóòótọ́ ni, kí wọ́n fi igi kún un.

Fẹ̀yìntọlá wá kọjú sí Ajíbádé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, sà, kó wá fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìyá arúgbó mẹ́fà fọwọ́ kàn, kí ló máa fi ọkùnrin ṣe? Ó fọwọ́ lé e.

Igbe tó ké, adìẹ ẹ̀yìn ẹbu fò gun òrùlé. "Họ́ọ̀tì!" Òun gan-an ló sọ ọ́. Ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá ìtumọ̀.

Kó tó panu dé, Fẹ̀yìntọlá ti ri ọwọ́ ẹ̀ bọ omi àmù. "Kóòdù," ló wí jẹ́jẹ́. Ojú ọkùnrin náà rọ̀. "Kóòdù," làwọn ìyá náà ń wí, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Fẹ̀yìntọlá nawọ́ sí agbada, ó nawọ́ sí omi, ó yí i síwá sẹ́yìn, wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ọwọ́ òsì ni Ajíbádé fi buwọ́ lu ìwé, ìbuwọ́lù náà dagun bí igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Nàmíbíà dé: ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ kó máa bọ̀, ẹni tí ò bá ní kó jókòó sílé ẹ̀. Hezekiah wá ń sọ káàkiri Olódò àdúgbò wọn pé òun lòun ní kó tètè lọ gbà á.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Àmọ̀pé sìn ín dé títì, ó ní táwọn ará ibẹ̀ ò bá tètè gbọ́, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú, kó ṣáà wá agbada kan, kó pe ọ̀gá wọn, kó ní kó wá... Mo gbọ́ o, Mùjíbátù ọmọ mi. Gàrí mi ló ń jó yẹn, ẹ jẹ́ n sáré débẹ̀.