Bọ́dúndé Ọlọ́kọ̀ Gbé Àjẹ̀ Gun Òkè Adó

Tí wọ́n bá ní kí a dárúkọ àwọn tí omi ń bẹ̀rù ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, Bọ́dúndé ọlọ́kọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dá. Ọkùnrin yìí lè fi ọwọ́ kan tu ọkọ̀, kí ó fi ọwọ́ kejì jẹ búrẹ́dì, kí ó sì tún máa bá èrò inú ọkọ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù, láìjẹ́ pé omi kán sí ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí, àti pé kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀ ló ti na ọwọ́ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà, ó ní kò mọ̀ ọ́n tù. Mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó yìí, mi ò lè búra pé irọ́ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dójú ti akọni yìí: ibi gíga ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe òkè ńlá nìkan o. Tí ẹ bá pè é sí ìkómọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Pedro, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò ní òun ń bá wọn ṣọ́ bàtà. Tí ó bá fẹ́ sọdá títì Ìkòròdú ní Ọbáníkòró, kò ní gba orí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà, láàárín mọ́tò tó ń sáré bí ẹni tí ikú rán níṣẹ́. Ó gbà pé kí mọ́tò pa òun nílẹ̀ sàn ju kí atẹ́gùn wá gbé òun lókè lọ.

Ọlọ́run tó mọ eré í ṣe wá fún un ní ìyàwó láti Adó-Àwáyè, ìlú tí òkè àpáta dúró tì bí ẹ̀ṣọ́.

Oyèbísí ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló wá kọ́ ní Ṣómólú, ibẹ̀ ni Bọ́dúndé gbé ṣòkòtò lọ pé kí wọ́n bá òun dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Ó rí ọmọbìnrin náà nídìí máṣíìnì, ó sì tún gbé ṣòkòtò náà padà lọ́sẹ̀ kejì pé kí wọ́n dín in sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí Oyèbísí fi máa gbà láti fẹ́ ẹ, ṣòkòtò ti di pátá.

Ọjọ́ tí ó mú un lọ han ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé. Orí òpó nínú omi ni ilé ìyá náà wà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n sì ń tọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ń sáré lórí pákó yìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Oyèbísí, ẹsẹ̀ ọmọ orí àpáta, kò mọ ilẹ̀ tó ń mì. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rákò, ó ń ké pe Jésù àti àwọn àpọ́sítélì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ké pe Pétérù, ó ké pe Áńdérù, Jákọ́bù, Jòhánù, Fílípì. Ó kan Bátólómíù, ló bá já sómi.

Gbogbo Ìlàjẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń yan ẹja rẹ́rìn-ín, ẹja tí wọ́n ń yan rẹ́rìn-ín. Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń dún bí ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀, ṣùgbọ́n ó na àjẹ̀ rẹ̀ sí i.

"Di àjẹ̀ mú! Oyè, di àjẹ̀ mú!"

Nígbà tí ó fà á jáde, tí ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọbìnrin náà kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo Bọ́dúndé. Ojú tó fi wò ó yẹn ló mú un ṣèlérí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nítorí mi lo ṣe wọ omi," ó ní. "Èmi náà á bá ọ gun òkè yín. Títí dé ìdí Ìyákẹ̀."

Ìyákẹ̀ ni omi tó wà lórí òkè Adó. Omi gidi, lórí àpáta, tí wọ́n ní kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ní Ìlàjẹ. Godspower, tí òun àti Bọ́dúndé jọ ń wa ọkọ̀, bi Oyèbísí pé, "Màdáámù, omi lórí òkè? Ta ló pọn ọ́n gbé gùn?"

Ìlérí ń dàgbà bí ọmọ. Tófúnmi, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìlérí yẹn, ti ń lọ sí pólì báyìí. Lọ́dọọdún tí Àjíǹde, ìgbà tí àwọn ọmọ Adó ń lọ sílé, bá ti ń súnmọ́, nǹkan á ṣe Bọ́dúndé. Ọdún kan, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Ọdún kan, ẹ̀yìn ń ro ó. Ọdún kan tí àwáwí tán pátápátá, ó ní, "Kí ló ń lé wa? Òkè kì í sáré."

Òkè kì í sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún ń sá lọ. Lọ́dún yìí, dókítà wo fọ́tò orúnkún ọ̀tún Oyèbísí, ó ní eegun ti ń ha eegun. Ó ní tó bá fi máa di àmọ́dún, àtẹ̀gùn ilé lásán yóò máa fún un níṣòro, ká má tíì wá sọ òkè. Oyèbísí délé, ó bọ́ gèlè, ó jókòó.

"Bàbá Tófúnmi, mò ń lọ sílé ní Àjíǹde. Mo fẹ́ rí Ìyákẹ̀ kí orúnkún yìí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Tí ẹ bá máa bá mi lọ, ó dáa. Tí ẹ ò bá lè lọ, mi ò bínú."

"Mi ò bínú" yẹn ni kò jẹ́ kí Bọ́dúndé sùn. Ká ní ó bínú ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì, ó lọ sí Ọbáníkòró lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gòkè.

Gbogbo èrò Èkó ló ń gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ yẹn. Aboyún ń gùn ún. Ẹni tó ru fíríìjì ń gùn ún. Bọ́dúndé gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó di irin mú, ó dijú. Ó gun méjì sí i, ló bá jókòó, òógùn bò ó, ó tẹ́ ọwọ́ kan síwájú kí ó má baà ṣubú. Obìnrin kan tó ń kọjá fi igba náírà sí ọwọ́ náà, ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn.

Ohùn kan bú jáde lókè rẹ̀. "Bàbá! Ẹ dìde níbẹ̀ jọ̀ọ́! Ibi iṣẹ́ oníṣẹ́ rèé!"

Yísà alágbe ni, tí gbogbo Ọbáníkòró mọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára. Àtẹ̀gùn yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mi ò wá ṣagbe," Bọ́dúndé wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òkè ni."

Yísà wò ó títí. "Mo ti rí wèrè lórí bíríìjì yìí o," ó ní, "ṣùgbọ́n tiyín mọ́ tónítóní." Ó gba igba náírà rẹ̀ tó ṣìnà, ó sì bi í bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ó mirí. "Wọ́n ní kí ẹ má wo ìsàlẹ̀, àbí? Irọ́ ni. Tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn má wò ó, yóò wò ó. Gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú yín ni kí ẹ máa wò. Bí tirẹ̀ bá ti gòkè, kí tiyín tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kan ni mo ní, mò ń gùn ún lójoojúmọ́. Ẹ̀yin, méjì!"

Bẹ́ẹ̀ ni Bọ́dúndé di ọmọ iṣẹ́ Yísà. Láàárọ̀ láàárọ̀, ó ń wo gìgísẹ̀ àwọn èèyàn gun bíríìjì, títí ọmọbìnrin kan fi yíjú padà, tó bi í pé kí ló ń wá lẹ́yìn òun. Kí Àjíǹde tó dé, ó ti lè sọdá sí òdìkejì láìdi irin mú, tó bá ṣáà ti rí ẹni tẹ̀ lé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó gbé àpò kọ́rùn, ó sì gbé àjẹ̀ rẹ̀ dání. Godspower fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi fún ẹ̀rín.

"Bọ́dú! Kí lo fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe lórí òkè?"

"Ṣé omi ò sí níbẹ̀ ni?" Bọ́dúndé dáhùn. "Ibi tí omi bá wà, ọlọ́kọ̀ kì í lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo."

Ọkùnrin tó ń mú àlejò gun òkè ní Adó ni Ràmọ́nù, ó ti hewú, bàtà sílípáàsì ló wọ̀. Ó wo àjẹ̀, ó wo Bọ́dúndé, ó kọjú sí òkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ràmọ́nù ṣáájú, Oyèbísí tẹ̀ lé e, Bọ́dúndé tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ti Èkó wá kọjá lára wọn, bàtà ìgunkè wọn tó ra ọkọ̀ ojú omi méjì. Ọ̀kan nínú wọn dúró.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀pá yín yìí mà dára o! Níbo lẹ ti rà á?"

"Ìlàjẹ," Bọ́dúndé wí, kò gbójú sókè.

"Òkè-òkun ni?"

"Ẹ̀yìn Bàrígà."

Àtẹ̀gùn parí, ó ku àpáta lásán, dídán, tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn erin. Atẹ́gùn dé. Bọ́dúndé kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rákò. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná bọ̀ láti òkè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

Oyèbísí rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti àpáta. Ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ọdún ló ń rín yẹn, ó ti ń tọ́jú ẹ̀ bọ̀ láti orí pákó Ìlàjẹ. "Bàbá Tófúnmi, ẹ ké pe àwọn àpọ́sítélì!"

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ Fílípì," Bọ́dúndé wí nílẹ̀ tó wà. "Bátólómíù yẹn ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo gìgísẹ̀ á rí ohun tí ẹni tó ń wo ojú ò rí. Ó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó òun ń gbọ̀n. Ó rí i pé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó ń fi ẹ̀rín sinmi ni. Kò pẹ́, gìgísẹ̀ náà dúró, kò gbéra mọ́. Oyèbísí rọra jókòó sórí àpáta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

"Ó tó," ó ní. "Kò ní gbé mi kọjá ibí. Ẹ bá Ràmọ́nù lọ, ẹ lọ bá mi wo Ìyákẹ̀."

"Ẹ̀yìn àpáta yẹn báyìí ni o, ìyá," Ràmọ́nù wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn àpáta yẹn ni."

Kí n má purọ́, inú Bọ́dúndé kọ́kọ́ dùn. Àwáwí tó dára jù láyé rèé, òun kọ́ ló sì wá a. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí bí ó bá ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ló bá gbójú sókè kúrò lára gìgísẹ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ojú ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni.

Bọ́dúndé dìde dúró. Lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, láìdi nǹkan kan mú. Atẹ́gùn gba fìlà rẹ̀, ó gbé e gba ọ̀nà Èkó lọ. Ó kọjá lára Oyèbísí, ó lọ sókè rẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ bí ó ṣe ń yà á nínú ọkọ̀ tí ìgbì bá dé, ó sì na àjẹ̀ sí i.

"Di àjẹ̀ mú."

"Ẹ máa ṣubú o!"

"Èmi? Tí mo máa ń dúró nínú ọkọ̀?"

"Àpáta ni, Bàbá Tófúnmi!"

"Lójú mi, ó ń mì bákan náà. Oyè, di àjẹ̀ mú."

Ó di àjẹ̀ mú. Bọ́dúndé ń fà á, Ràmọ́nù ń tì í lẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kan, ìsinmi kan. Àwọn ọ̀dọ́ oníbàtà ńlá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó ya fọ́tò. Wọ́n yí ẹ̀yìn àpáta yẹn, Ìyákẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó dákẹ́, koríko yí i ká, ojú ọ̀run tẹ́ sínú rẹ̀.

Bọ́dúndé fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Kò tó ibi tí òun ń yí ọkọ̀ sí. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí i bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń wo omi náà, ó sì pa ẹnu dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìlàjẹ kò gba ibí yìí gbọ́ títí dòní.

"A kì í wọ̀ ọ́ o," Ràmọ́nù tètè wí, ojú rẹ̀ wà lára àjẹ̀.

Bọ́dúndé gbé àjẹ̀ sílẹ̀. "Kí la wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ jókòó," Oyèbísí wí.

Ó jókòó. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò jókòó ti omi rí láìní èrò láti gbé tàbí ẹja láti kó. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Oyèbísí gba ọ̀kan mú, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ni Bọ́dúndé rí i pé ẹ̀kọ́ Yísà ò parí. Nínú ìsọ̀kalẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí aláìlera lè fara tì í. Ràmọ́nù sì ti ṣáájú sọ̀ kalẹ̀ lọ wá okùn tí wọn yóò lò níbi tó ti dà jù nísàlẹ̀. Kò sí gìgísẹ̀ kankan níwájú. Gbogbo ìlú Adó ló tẹ́ sísàlẹ̀, àwọn òrùlé rẹ̀ kéré bí páálí ìṣáná.

Bọ́dúndé gbé àjẹ̀ kọ́ èjìká, ó na ìdí àjẹ̀ náà sẹ́yìn. Oyèbísí dì í mú.

"Ẹ má wo ìsàlẹ̀ o," obìnrin náà wí.

"Tí n ò bá wò ó, ta ló máa bá ọ wo ọ̀nà?" Bọ́dúndé wí. Ó wo ìsàlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.