Búráúsà Tó Ní Kí Má-fọwọ́-kàn-án Má Lọ

Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, kò sí ẹni tó ń pe nọ́ọ̀sì àgbà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, torí ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀? Ohun tó ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ náà ni. Bí dókítà tuntun bá na ọwọ́ sí àpótí dígí tí ọmọ wà nínú rẹ̀, "Má fọwọ́ kàn án!" Bí ẹni tó ń nulẹ̀ bá fẹ́ yọ wáyà kan, "Má fọwọ́ kàn án!" Ọkọ rẹ̀ ní ó ti sọ ọ́ lójú oorun rí, òun ò sì mọ̀ bóyá òun ló ń bá wí.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń gbọ́rọ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kì í ṣàwàdà. Bí iná pupa bá tàn, ọmọ kan ń wá èémí nìyẹn. Ohun tó sì fi kọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni pé bí ẹ̀rọ bá kìlọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó béèrè ìdí.

Ẹ wá wò ó ní ọjọ́ Ẹtì kan nídìí tábìlì ìjẹun, níwájú kọ̀ǹpútà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ rà fún un, awò ojú ti yọ̀ dé ṣóńṣó imú, òógùn ń bọ̀. Ìdánwò ló fẹ́ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ṣe. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì wọlé nígbà tí aago kan ọ̀sán ọjọ́ náà bá lù, ó di oṣù mẹ́ta sí i. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ kankan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló sì ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó ráyè náà nìyí.

Ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù náà tí kò wúwo ju bàtà ọmọléèwé lọ. Ọ̀gá ni Má-fọwọ́-kàn-án ń pè é, torí ó máa ń na ìkúùkù sí gbogbo ẹni tó bá yọjú sí i. Lánàá, ìyá Ọ̀gá di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ máa wà níbí lọ́jọ́ Sátidé, àbí?" Ó ní, "Màá wà níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jókòó sí i láyà báyìí.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú ìwé ìdánwò jáde: *Búráúsà tí ẹ ń lò kò lè ṣí ibí yìí. Ẹ lo òmíràn.*

Ó pe àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gé dígí awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan.

"Mọ́mì, búráúsà ni ọkọ̀ tó ń gbé yín dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà yẹn wá kò dé ibi tí ẹ̀ ń lọ. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ wọ òmíràn. Ẹ kọ orúkọ tí mo máa sọ fún yín síbẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀, ó parí."

"Ó parí lẹ́nu tìẹ."

Ó kọ orúkọ náà. Kó tó gbé ìka kúrò, pátákó ńlá kan já bọ́ látòkè: *Ẹ ò nílò búráúsà mìíràn! Ohun tó ń ṣe náà là ń ṣe, àmọ́ tiwa ló ní ààbò.* Má-fọwọ́-kàn-án fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó pa gbogbo rẹ̀ dé. Ó tún gbé fóònù.

"Ó ní n ò nílò rẹ̀."

"Ta ló ní?"

"Kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀rín tí ọmọ yẹn rín, ó ní láti gbé fóònù jìnnà sétí. "Mọ́mì! Ó ń jowú ni! Ẹ̀ ń fi í sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, ṣé ẹ rò pé ó máa bá yín di ẹrù ni?"

"Ọ̀rọ̀ ààbò ló ń sọ."

"Ààbò ara rẹ̀ ló ń wá. Ẹ padà síbẹ̀."

Ó padà. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí i gbà, àfi bí àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè kan ṣe yọ: *Nǹkan yìí lè ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́.* Ibi méjì ló wà láti tẹ̀. *Ẹ jù ú nù* tóbi, ó ń tàn yanran. *Ẹ fi sílẹ̀* há sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tójú ń tì. Àwọ̀ ìyeyè yẹn gan-an ló sì wà lára ẹ̀rọ tó ń fún Ọ̀gá ní afẹ́fẹ́. Má-fọwọ́-kàn-án jù ú nù. Ó tún un gbà, ó tún un jù nù. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, yọ orí láti yàrá. "Ìyàwó mi, ṣé kò sí wàhálà?"

"Kọ̀ǹpútà ní kí n má lọ."

"Háà. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ náà ṣe báyẹn fún mi, nígbà tí mo ní mò ń lọ wakọ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ní ọkọ̀ wọn ò ní búréèkì."

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà á."

Ó di ojú, ó tẹ ibi tó há yẹn. Búráúsà tuntun wọlé, ó jókòó. Ó dúpẹ́. Ó lọ sínú ímeèlì, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó gbà wọ ìdánwò, ni ti àtijọ́ bá tún fò dìde láti gbé e lọ! *Búráúsà tí ẹ ń lò kò lè ṣí ibí yìí.* Omi lé sí i lójú.

"Ẹ ò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà pé tuntun ló di ọ̀gá," ni àbígbẹ̀yìn wí nígbà tó tún pè é. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó júwe ibi tó máa tẹ̀ fún un, oníbàárà ń pè é lẹ́yìn, ó sì pa fóònù.

Ó tẹ̀ ẹ́. Pátákó mìíràn: *Kí ẹ tó lọ, ẹ ò ṣe tún wa dán wò?* Ibi tó máa tẹ̀ láti kọ̀ tún há sí kọ̀rọ̀.

Ní wọ́ọ̀dù, bí ẹ̀rọ bá ti ké, ojú rẹ̀ á ti sáré wo ọmọ kó tó mọ̀: ṣé àyà ń lọ sókè, ṣé ètè pọ́n? Ojú rẹ̀ sáré báyẹn náà nísinsìnyí, ó ń wá ọmọ lórí tábìlì. Ife omi ló rí, àti bírò kan.

"Ọmọ wo ló ń kú?" ló ké.

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde. "Ọmọ ta?"

"Ọmọ wo ló ń kú níbí tó fi ń pariwo mọ́ mi látàárọ̀?"

Kò sí. Kò sí ẹni tí nǹkan kan máa ṣe bó bá tẹ̀ ẹ́, àyàfi ẹni tó ń pariwo náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ilé ò jó.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló wọlé. Ó parí ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní ó yege. Kò tíì gbé ife omi dé ẹnu tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì Kékeré ni, ẹni tó kéré jù ní wọ́ọ̀dù, tí Má-fọwọ́-kàn-án fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Mi ò ní lè ṣe ìdánwò yẹn mọ́ o, Mà. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún mi pé n ò nílò búráúsà mìíràn. Mo ti yáa pa á." Ohùn ẹni tó ń retí pé kí wọ́n yin òun ló fi sọ ọ́.

Má-fọwọ́-kàn-án wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

"Tàn án padà."

"Mà?"

"Mo ní tàn án. Bó bá kìlọ̀, tẹ̀ ẹ́."

"Ṣùgbọ́n Mà, ẹ̀yin lẹ ní bí ẹ̀rọ bá…"

"Mo mọ ohun tí mo sọ!" Ohun tó fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ wọn, òun náà ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún tú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ṣé ọmọ kankan wà níwájú ẹ níbẹ̀?"

"Rárá, Mà. Èmi nìkan ni."

"Kò sẹ́ni tó máa kú nígbà náà. Tẹ̀ ẹ́."

Ó ń darí rẹ̀ lọ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Ó tún ń béèrè nǹkan, Mà. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ máa lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn, Má-fọwọ́-kàn-án gbọ́ ta-ta-ta, ta-ta-ta.

"Kí lò ń tẹ̀ yẹn?"

"Mò ń dá a lóhùn ni, Mà. Mo ti kọ 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi…'"

"Má dá a lóhùn! Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọlé!"

Ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì lórí. Aago ògiri ń lọ.

"Ó ti ṣí, Mà," ni Nọ́ọ̀sì Kékeré wí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. "Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dé."

"Máa dáhùn lọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n kò lè pa fóònù náà. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ létí, ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí.