Fìlà Akínbọ̀dé Lórí Àga Iwájú

Adétòkunbọ̀ Ọláyọdé Akínbọ̀dé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin nígbà tí ó dágbére fáyé, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi mọ́tò sílẹ̀. Ìtàn ni ó fi sílẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní Jákáńdè, Ìlàsàn, tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi fìlà. Wọ́n á ní Bàbá wọ agbádá lọ síbi eré orin rọ́ọ̀kì ní Ìkátẹ̀. Wọ́n á ní àga iwájú ni wọ́n fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, sípíkà tí ó ga ju ènìyàn lọ sì wà níwájú rẹ̀ gangan. Bí wọ́n ti ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan báyìí, Bàbá fò dìde, ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, fìlà gọ̀bì rẹ̀ nìkan ni ó kù lórí àga. Ọpẹ́ onígbàjámọ̀ a sì fi kún un pé fìlà náà láyà ju orí tí ń dé e lọ.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, àfi ẹnì kan: Alhájì Quadri Ọdúnjọ, àna olóògbé, tí wọ́n jọ jowú ara wọn láti ọjọ́ ìdána títí di ọjọ́ ikú.

Ohun tí wọ́n ń jowú lé lórí kò fara sin. Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ Akínbọ̀dé ni ọmọ Ọdúnjọ fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run sì fún tọkọtaya náà: Tolúwani. Ọmọ kan, bàbá àgbà méjì. Kò sí olùkọ́ ìṣirò tí yóò pín in kí ó má ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ọdúnjọ fún un ní oríkì, ó pè é ní Àríkẹ́. Akínbọ̀dé dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní Àṣàkẹ́ ni òun ń pè é. Ọmọ náà gbọ́n láti kékeré. Ẹni tí ó bá mú owó ìpápánu dání ni ó kọ́kọ́ ń dá lóhùn.

Nǹkan mẹ́ta ni Akínbọ̀dé fi ń yangàn sí àna rẹ̀. Èkíní ni pé ìdílé Ọdúnjọ ni ó dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun. Kò sí ìpàdé ẹbí kan tí kò ti rán wọn létí, títí di ọjọ́ tí Ọdúnjọ fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé òótọ́ ni, àwọn dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ gbé ohun tó níye lórí, ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Èkejì ni pé iwájú orí ọmọ jọ ti òun. Lórí èyí, àwọn tí ó rí iwájú orí méjèèjì kò sọ nǹkan kan, nítorí àánú ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni orin, ibẹ̀ ni owú sì ti dójú ẹ̀. Nígbà tí Tolúwani kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tí ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ariwo ni àwọn bàbá méjèèjì pè é, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ní ìdílé ẹnì kejì ni ọmọ ti jogún rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ariwo náà ni ogún yí ìdílé padà.

Ọdúnjọ ní òun ni òun ń ṣáájú àwọn oníwéré nígbà èwe òun, tí àwọn fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì. Akínbọ̀dé ní ti òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni òun wà nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní àárọ̀ ọjọ́ òun. Ọdúnjọ kò fi mọ síbẹ̀, ó lọ wádìí, ó sì bá a wá ẹ̀rí bọ̀: Akínbọ̀dé kò fi ìka kan dùùrù rí, ẹ̀yìn dùùrù ni ó wà, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹlòmíràn ì bá wá ibi fojú sí. Akínbọ̀dé kàn tún agbádá rẹ̀ ṣe. “Alhájì, èémí dùùrù ni mo jẹ́. Ẹ lọ tẹ dùùrù tí kò léèémí, kí ẹ wá ròyìn ohun tó bá sọ fún yín.”

Ọdúnjọ ni ó ra gìtá gidi àkọ́kọ́ fún ọmọ. Inú Akínbọ̀dé kò dùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ó lọ ra àpótí tí wọ́n ń gbé gìtá sí. Láti ọjọ́ náà, bí Tolúwani bá ń kọjá láàárín ìgboro, gìtá Ọdúnjọ wà nínú òkùnkùn, àpótí Akínbọ̀dé ni gbogbo ayé ń rí.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu géètì. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọgbà ilé gbígbé VGC ni Ọdúnjọ ń gbé, níbi tí olùṣọ́ kì í ti í jẹ́ kí àlejò wọlé bí kò bá dárúkọ ẹni tí ó wá rí. Akínbọ̀dé dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní Àṣàkẹ́ ni òun wá wò. Olùṣọ́ ní kò sí Àṣàkẹ́ nínú ìwé àwọn, kí Bàbá dárúkọ onílé. Akínbọ̀dé kọ̀. Bàbá ìyàwó kì í lọ kí bàbá ọkọ, ohun tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ nìyẹn, òun kọ́ ni yóò sì bà á jẹ́. Olùṣọ́ pe ilé lórí fóònù. Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ ni ó gbé e, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí wọ́n bi Bàbá léèrè ẹni tí wọ́n wá kí. Akínbọ̀dé gba àga lọ́wọ́ olùṣọ́, ó jókòó. Ó bá wọn jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó ti ń bá wọn parí ìjà lórí bọ́ọ̀lù nígbà tí ebi lé Ọdúnjọ, tí kò lè jẹun kí àlejò tó dé, wá sí ẹnu géètì. Akínbọ̀dé rí i, ó yíjú sí olùṣọ́. Ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Alhájì Ọdúnjọ ló wá kí mi.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà láàárín wọn nìyí nígbà tí Tolúwani lọ bá ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn nílé, tí ó sọ pé òun ti kọ orin tuntun kan tí òun yóò fi parí eré ní Ìkátẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n yin òun. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń yin gbogbo nǹkan. “Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sọ ibi tí kò dára fún mi. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò ní purọ́ fún mi.” Àwọn bàbá méjèèjì mọ ìdánwò nígbà tí wọ́n bá rí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin náà dáadáa, tí ó sì kọ́kọ́ dáhùn, òun ni ó ni ọmọ.

Ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n lò fẹ́ràn ohun tí ń dán. Táìsì ni ilẹ̀, táìsì ni ògiri, dígí ni apá tí ó kọjú sí òkun, páànù ni òkè, kò sí àjà. Bí ènìyàn bá húkọ́ níbẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò kí i pẹ̀lẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé eré kalẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọmọ tí a tọ́ ni wọ́n. Wọ́n rí arúgbó méjì nínú agbádá láàárín àwọn ọmọ tí ṣòkòtò wọn ya ní orúnkún, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù méjì síwájú pátápátá, nítorí a kì í fi àgbà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó rántí pé etí ni àwọn àgbà náà gbé wá.

Akínbọ̀dé jókòó. Ó wò ó pé àga Ọdúnjọ fi díẹ̀ ṣáájú tirẹ̀, ó fa tirẹ̀ síwájú. Ọdúnjọ tún fa tirẹ̀. Akínbọ̀dé tún fà á. Nígbà tí orin yóò fi bẹ̀rẹ̀, orúnkún àwọn méjèèjì ti kan sípíkà.

Wọ́n lu ìlù lẹ́ẹ̀kan, ògiri dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnu Tolúwani ń lọ sókè sódò lórí pèpéle, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dé etí dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀ láti inú tírélà. Ọdúnjọ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àna rẹ̀. Akínbọ̀dé ń mi orí bí ẹni tí ó lóye. Owú mú Ọdúnjọ, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó mi tirẹ̀ kíákíá jù ú lọ. Akínbọ̀dé tẹ̀ sí i létí, ó pariwo pé ṣé Alhájì gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Ọdúnjọ ní òun ti gbọ́ ọ kí Akínbọ̀dé tó gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ó fi ku orin tuntun náà nìkan. Nígbà náà ni Akínbọ̀dé ṣí fìlà, ó gbé e lé orí àga rẹ̀, ó wo Ọdúnjọ lójú, ó sì jáde lọ.

Ìtàn Jákáńdè parí síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ọpẹ́ onígbàjámọ̀ parí rẹ̀ sí ní ọjọ́ tí a sin Akínbọ̀dé tán, tí ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ọdúnjọ, tí ó jókòó sí igun kan láti àárọ̀, gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní irọ́ ni.

Ó ní ìtọ̀ ni ó gbọ̀n àna òun. Ó fi fìlà gba àga sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun Ọdúnjọ bá rí i ní òfìfo, òun yóò gbé ẹsẹ̀ lé e. Òótọ́ sì ni, òun ti ń gbé ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀. Níbi tí Akínbọ̀dé ti ń wá ilé ìtọ̀, ó kọjá níwájú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, níbi tí wọ́n ń kó kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ kánópì pamọ́ sí dé òkè, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ọ̀dọ̀ àwọn olórin. Ó yọjú síbẹ̀. Aṣọ wọ̀nyẹn ti gbé gbogbo ariwo mì. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni ó gbọ́, ó mọ́ gaara bí omi àmù.

Ọdúnjọ yíjú sí gbogbo ilé. Ó ní, “Ẹ rò ó wò. Ìdánwò wà nílẹ̀, òun nìkan ló rí ìdáhùn.”

Ohun tí òun mọ̀ tẹ̀lé e ni pé ẹnì kan di òun lọ́wọ́ mú. Òun rò pé nítorí ẹsẹ̀ tí òun gbé lé àga ni. Akínbọ̀dé ni, ó fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́, ó tì í jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká, òun náà jókòó tì í. Nínú yàrá yẹn ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ orin tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin ọmọ tí wọ́n ń fi orúkọ méjì pè, tí ó sì ń jẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ó parí, Ọdúnjọ bi í pé kí ló dé tí kò dá gbọ́ ọ. Akínbọ̀dé fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tí kò ní fìlà.

“Bí èmi nìkan bá gbọ́ ọ, ta ni màá bá jiyàn?”

Wọ́n sì jiyàn. Akínbọ̀dé ní ìparí orin náà gùn jù, Ọdúnjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kò dára. Iyàn náà kò tíì parí nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Tolúwani ti kọ òmíràn láti ìgbà náà, ó sì ti gbé e wá fún Ọdúnjọ gbọ́. Ọdúnjọ sọ pé ó dára, ó wá ń dúró de ẹni tí yóò sọ pé kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ mọ́, ní Jákáńdè tàbí níbòmíràn, pé sípíkà lé Akínbọ̀dé sá débi tí ó fi gbàgbé fìlà. Kò sá, kò sì gbàgbé. Ó fi fìlà sílẹ̀ kí àna rẹ̀ má baà gba àga. Nígbà tí ó padà wá, kò mú fìlà. Àna rẹ̀ ni ó mú.